Ẹni tó Bá Fi Orí Gbálẹ̀, Ẹ Má Gbé Ẹrù Lé E Mọ́

"Kò ṣe nǹkan kan, ó ti dìde" tí a máa ń sọ bí alábàárù bá ṣubú ti sú wa. A ó bu omi sí i lórí, a ó sì tún di ẹrù lé e.

Ọpọlọ rọ̀ bí ẹ̀kọ, inú omi ló sì wà nínú agbárí. Bí orí bá gbá nǹkan, á mì, á lọ kọlu egungun. Àwọn iṣan tín-ín-tín inú rẹ̀ á fà, òmíràn á já. Ojú kì í rí i. Ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ lè máa sun díẹ̀díẹ̀, kó tó dalẹ́ ọ̀rọ̀ á ti yí padà. Bó bá ń bì, tí orí fífọ́ ń le sí i, tó ń sọ ìsọkúsọ, tí oorun ń gbé e lọ tàbí tí apá kan ò lágbára, ilé ìwòsàn ni, kíá! Bí kò tiẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, kó sinmi: bó bá tún fi orí gbá nǹkan kí ti àkọ́kọ́ tó san, ewu rẹ̀ pọ̀ jù.

Ta ni yóò sanwó? Àwa gbà pé ẹni tó ni ẹrù ni. Owó iṣẹ́ ọjọ́ náà ńkọ́? Òun náà ni.

(Nígbà tí ìjọba ní dandan ni akoto fún ọlọ́kadà ní January 2009, àwọn kan dé igbá. A rẹ́rìn-ín! Mélòó nínú wa ló ń dé akoto lẹ́yìn ọ̀kadà?)

Ẹni tó bá ṣubú lọ́jà, ẹ má jẹ́ kó dá nìkan lọ sílé.