Òróró Fadá Kò Pa Ẹnikẹ́ni

Wọ́n tún ti gbé e dé. Láti ọjọ́ mélòó kan ni ọ̀rọ̀ náà ti ń lọ láti ẹnu dé ẹnu ní Mowo lọ́nà Àgbádárìgì, láti ibùdókọ̀ dé inú ọjà: wọ́n ní ara ìyá kan ti ń yá díẹ̀díẹ̀, àfi ìgbà tí fadá gbé òróró wọlé, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, ìyá ti dákẹ́. Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò sí níbẹ̀. Ẹni tó sọ ọ́ fún òun náà kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tó ní aláìsàn nílé ti gbọ́, wọ́n sì ti ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí fadá má baà yà.

Ẹ bá tú irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dé ìdí, ohun kan náà lẹ máa bá. Aláìsàn ti wà ní ìdùbúlẹ̀ fún oṣù púpọ̀. Wọ́n ti gbé e lọ sílé ìwòsàn, wọ́n ti gbé e dé ilé wòlíì, wọ́n ti fún un ní àgbo. Kò sẹ́ni tó rántí páríṣì. Ìgbà tí kò lè gbé omi mì mọ́, tí ojú ti ń yí, ni àbúrò kan tó ti Èkó dé pariwo pé, "Ẹ pe fadá o!" Fadá sáré dé, ó ta òróró sí i níwájú orí, aláìsàn sì kú. Fadá wá di apànìyàn. Irú ìṣirò wo nìyẹn?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́. Ẹ̀yin kan náà lẹ máa ń pe fadá kó wá bù kún mọ́tò tuntun kó tó gbé èrò àkọ́kọ́. Ẹ̀yin lẹ ń ní kó wọ́n omi sí ṣọ́ọ̀bù, kó gbàdúrà sórí ìpìlẹ̀ ilé, kó gbọ́wọ́ lé ọmọ tó fẹ́ ṣe WAEC lórí. Mọ́tò kò tìtorí ẹ̀ dẹnu kọlẹ̀, ilé kò wó, ọmọ kò sì ya odi. Báwo ni ọwọ́ kan náà ṣe wá di ọwọ́ ikú nígbà tó kan aláìsàn? Panápaná máa ń dé lẹ́yìn tí iná ti ràn mọ́ àjà. Mi ò tíì gbọ́ ibi tí wọ́n ti ní panápaná ló fi iná sí ilé. Ẹni tí wọ́n gbé dé ọsibítù ìjọba ní Àgbádárìgì nígbà tí èémí ti ń tán, tó sì kú mọ́ nọ́ọ̀sì lọ́wọ́, ṣé nọ́ọ̀sì ló pa á? Ẹ̀yin lẹ pẹ́ kẹ́ ẹ tó pe fadá. Ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù yìí ti wá, n kò sì ní di gbogbo ẹ̀bi rù yín. Nígbà àwọn bàbá wa, ìkunra ìkẹyìn ni wọ́n ń pe òróró aláìsàn yìí, ẹni tó ń kú lọ ni wọ́n sì sábà ń ta á sí lára. Òróró àti pósí wá di tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lójú ènìyàn. Ṣùgbọ́n Àpérò Vatican Kejì ti kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ 4 oṣù Kejìlá ọdún 1963 pé kì í ṣe ti ẹni tí ẹ̀mí ń bọ́ lára rẹ̀ nìkan. Kété tí àìsàn tàbí ọjọ́ ogbó bá ti fẹ́ fi ẹ̀mí onígbàgbọ́ sínú ewu ni àsìkò rẹ̀ ti tó. Póòpù Paul Kẹfà sì tún ètò rẹ̀ ṣe lọ́dún 1972. Ó ti lé láàádọ́ta ọdún! Ọmọ tí wọ́n bí lọ́dún náà ti lè ní ọmọ-ọmọ, a ṣì ń sá fún òróró.

Kí ló tiẹ̀ wà nínú òróró ọ̀hún? Òróró ólífì ni, tàbí ti igi mìíràn níbi tí ólífì bá ti ṣọ̀wọ́n, tí bíṣọ́ọ̀bù ti gbàdúrà sí. Fadá á gbọ́wọ́ lé aláìsàn lórí láìsọ̀rọ̀, á ta òróró sí i níwájú orí àti ní àtẹ́lẹwọ́, á sì bẹ Olúwa pé kó ràn án lọ́wọ́, kó sì gbé e dìde. Ẹ gbọ́ mi o: kó gbé e dìde. Jákọ́bù sọ ọ́ ní orí 5 ìwé rẹ̀ pé kí aláìsàn ránṣẹ́ pe àwọn àgbà ìjọ. Kò ní kó dúró dìgbà tí ẹ̀mí bá ń bọ́. Ẹni tí àìsàn líle fẹ́ gbé lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ lè gbà á. Àgbàlagbà tí agbára ti tán lára rẹ̀ lè gbà á. Ẹni tó gbà á tó sì gbádùn, bí àìsàn ńlá mìíràn bá dé, yóò tún gbà á. Àwọn ìyá tó ti gbà á ju ẹ̀ẹ̀kan lọ wà nínú ìjọ, tí wọ́n ṣì ń bínú tí ẹnikẹ́ni bá jókòó sí àyè wọn.

Ohun tí ìdádúró yìí ń bà jẹ́ pọ̀. Ẹni tó ti kú, fadá kò ní ta òróró sí i mọ́. Àdúrà fún òkú ló kù. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀, báwo ni yóò ṣe ka ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ fún un? Ẹni tí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ ti dí, báwo ni yóò ṣe gba Ara Kristi, tó jẹ́ oúnjẹ ìrìnàjò ẹni tó ń lọ? Bàbá kan ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jà lórí ilẹ̀, ó fẹ́ yanjú ọ̀rọ̀ náà kó tó lọ, ó sì fẹ́ sọ ibi tí ìwé ilẹ̀ wà. Bó bá ti lanu, gbogbo ilé á dá a lóhùn: "Bàbá, ẹ ò ní kú!" Ta lẹ ń tàn? Òun ló ń gbé inú ara yẹn. Ó mọ̀ jù yín lọ.

Ọ̀nà wa ńkọ́? Ta ló ń gbé Mowo tí kò mọ ojú títì Èkó sí Àgbádárìgì? Ẹ pe fadá láago méjì òru, òjò ti rọ̀, gbogbo kòtò ti kún fómi, ẹ wá ń bínú pé kò tètè dé. Ṣé kó fò ni? Ẹ pè é lójú mọmọ. Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì kékeré, ẹ gbé àgbélébùú àti àbẹ́là sí i, ẹ bu omi mímu sínú ife, ẹ sì pa tẹlifíṣọ̀n. Bó bá fẹ́ gbọ́ ìjẹ́wọ́, kí gbogbo yín bọ́ síta, títí kan àkọ́bí.

Kì í sì í ṣe òní la mọ fadá lágbègbè yìí. Ọdún 1876 ni àwọn fadá ẹgbẹ́ ajíhìnrere SMA bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Tópò, létí ọ̀sà wa níhìn-ín. Wọ́n mọ ikú jù wá lọ. Bíṣọ́ọ̀bù de Brésillac tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ kò lò tó oṣù méjì ní Freetown tí ibà apọ́njú fi pa á lọ́dún 1859. Síbẹ̀ àwọn mìíràn tún wọkọ̀ wá. Irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò gbé òróró sọdá òkun wá fi pa wá.

Ọ̀rọ̀ ìrora aláìsàn tún wà níbẹ̀: ẹ yéé sọ fún aláìsàn pé kó máa fara dà á torí pé Jésù náà jìyà. Póòpù Pius Kejìlá ti sọ ọ́ láti ọdún 1957 pé ìgbàgbọ́ kò lòdì sí oògùn tó ń pa ìrora. Ọsibítù UCH n'Íbàdàn ní àwọn tó ń tọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ kò gbóògùn mọ́. Ẹ bi dókítà yín.

Bí aláìsàn bá wá kú, ti opó tó fi sílẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. A mọ aṣọ ẹbí í rà. Bí wọ́n bá ti ká kánópì tán, ta ló ń padà lọ síbẹ̀? Ẹ̀yin ìyá CWO, ẹ̀yin ará Legion of Mary, ẹ lọ jókòó tì í, kì í sì í ṣe láti wádìí irú ikú tó pa ọkọ rẹ̀. Ẹ béèrè Mísà fún olóògbé. Ẹ má dúró de ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá, ọjọ́ ìrántí gbogbo olóògbé.

Ẹ̀yin tí ẹ ní aláìsàn nílé lónìí, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ti ilẹ̀kùn mọ́ oore-ọ̀fẹ́ Ọlọ́run nítorí àhesọ ìdí ọjà. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ lọ́la, ẹ lọ sí ọ́fíìsì páríṣì, ẹ kọ orúkọ aláìsàn yín sílẹ̀, ẹ gba nọ́ńbà fadá àti ti katikíìsì, kẹ́ ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri níbi tí gbogbo ilé ti lè rí i. Kẹ́ ẹ sì pè wọ́n nígbà tí aláìsàn yín ṣì lè fi ẹnu ara rẹ̀ ṣe Àmín.