Rédíò Wo Ni Kí Ẹgbẹ́ Rà Fún Ọ̀rọ̀ Ààbò?

Láti Ladjifarani, ní Parakou níbí, ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀.

Ẹgbẹ́ kan ló bi mí ní ìbéèrè lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ti dáwó jọ. Ogún ènìyàn ni wọ́n, kálukú mú 500 séfà wá, ó di 10,000. Àwọn àgbà ní kí wọ́n fi ra rédíò tuntun. Àwọn ọ̀dọ́ ní rárá. Wọ́n rí ẹnì kan ní ọjà Arzèkè tó ń ta ẹ̀rọ kékeré kan, ó ní ẹni tó bá ní i lọ́wọ́ á máa gbọ́ ohun tí àwọn ọlọ́pàá ń bára wọn sọ lóru. Wọ́n ní bí olè bá ń bọ̀, àwọn á ti mọ̀ kó tó dé. Wọ́n wá ní kí n bá àwọn dá sí i.

Èmi kì í ṣe adájọ́, ṣùgbọ́n mo ní èrò tèmi, n ò sì ní fi pa mọ́. Ẹ ra rédíò. Ẹ fi ẹ̀rọ yẹn sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á.

Mo mọ ohun tó ń dẹ́rù ba àwọn ọ̀dọ́ wa. Láti ìparí ọdún 2021 ni ìkọlù tó ń pa ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ ní òkè Benin wa yìí, lẹ́bàá igbó Pendjari àti igbó W. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, sójà 54 ni ìjọba sọ pé ó kú nínú ìkọlù ọjọ́ kan ṣoṣo. Ẹni tó gbọ́ irú èyí, tó ní ìyàwó àti ọmọ nílé, kò lè fọkàn balẹ̀ sùn. N ò bá wọn wí pé wọ́n ń bẹ̀rù. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹ̀rọ yẹn kò ní wo ẹ̀rù náà sàn.

Ẹ jẹ́ ká wò ó. Rédíò kékeré tí wọ́n ń tà lọ́jà, FM rẹ̀ kì í ju nǹkan bíi 88 sí 108 lọ. Ilé iṣẹ́ rédíò ló wà láàrin ibẹ̀. Ọ̀nà tí ọlọ́pàá ń gbà bára wọn sọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ yí bọ́tìnì tó. Tó bá sì jẹ́ ẹ̀rọ tó ń gbọ́ tó tún ń sọ ni, èyí tí wọ́n ń pè ní talkie-walkie, ARCEP ló ń ṣàkóso ìgbì afẹ́fẹ́ ní Benin. Kí ẹnikẹ́ni tó fowó sí i, kó kọ́kọ́ lọ bi wọ́n léèrè.

Ẹnì kan á ní, "Ṣebí ní Amẹ́ríkà wọ́n ń gbọ́ ọ?" Òótọ́ ni. Ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn ará ibẹ̀ ti ń ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbọ́ ọlọ́pàá àti panápaná. Ṣùgbọ́n níbẹ̀ pàápàá, wọ́n ti ń ti ìlẹ̀kùn. Ọlọ́pàá ìlú Denver ti tiwọn ní 2019, ti New York bẹ̀rẹ̀ sí í ti tiwọn ní 2023. Ní Ìlú Ọba, òfin 2006 kò gbà kí ẹni tí kò gbàṣẹ gbọ́ ọ rárá. Kí ló fà á? Bí ẹ̀yin bá lè gbọ́, olè náà lè gbọ́. Tó bá mọ ibi tí ọkọ̀ ọlọ́pàá wà, ọ̀nà ibòmíràn ni yóò gbà.

Ọ̀kan tún kù, òun ló ń dùn mí jù. Ọ̀rọ̀ tí a yọ́ gbọ́, ààbọ̀ ni a máa ń gbọ́. Ẹ gbọ́ orúkọ abúlé kan, ẹ gbọ́ "ìbọn", ẹ kò gbọ́ ìyókù. Kílẹ̀ tó mọ́, ó ti dé orí WhatsApp, àwọn ìyá ti pọn ọmọ, wọ́n ti ń sá wọ inú igbó nínú òkùnkùn. Ẹ sì rántí pé láti 2018 ni Code du numérique ti wà ní Benin. Ẹni tó bá ń tan irọ́ kálẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì lè rí ẹjọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé rere ló ní lọ́kàn.

Mo ní ọ̀rọ̀ kan fún àwọn aláṣẹ náà, kí ẹ má bàa rò pé ẹ̀yin nìkan ni mò ń bá wí. Ènìyàn kì í fetí sí ẹ̀yìn ògiri bí wọ́n bá ti sọ ọ̀rọ̀ náà fún un lójú. Bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru tí ìkéde kò sì dé ilé iṣẹ́ rédíò títí di ọ̀sán, àwọn ènìyàn á wá ọ̀rọ̀ níbòmíràn. Ẹ tètè fún wa ní ìkéde, kódà kó jẹ́ gbólóhùn méjì. Àwa náà níléeṣẹ́ rédíò, ká tètè kà á ní gbogbo èdè tí àwọn ènìyàn wa ń sọ.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sọ́jà. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní rédíò ti wà nínú fóònù. Ó wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kì í sọ̀rọ̀ àfi tí ẹ bá ki okùn etí bọ̀ ọ́, ẹnì kan ló ń gbọ́, iná rẹ̀ sì ń tètè tán. Ẹ rántí ọjọ́ 28 oṣù kẹrin ọdún 2019, ọjọ́ ìdìbò, tí íńtánẹ́ẹ̀tì kú ní Benin. WhatsApp dákẹ́. Rédíò kì í béèrè íńtánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ mú pílì tiyín dání lọ sọ́jà. Rédíò tó ń lo pílì R20, àwọn ńlá yẹn, máa ń pẹ́ ju èyí tó ń lo R6 lọ, a sì ń rí i rà lábúlé. Èyí tó jẹ́ pé okùn fóònù nìkan ló ń gba iná, ẹ má rà á bí abúlé yín kò bá ní iná. Pátákó oòrùn kékeré tó wà lórí àwọn mìíràn, ìrànlọ́wọ́ ni, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e. Èyí tí a ń fọwọ́ yí dára fún ọjọ́ tí pílì bá tán. Ará Ìlú Ọba kan, Trevor Baylis, ló ṣe irú rẹ̀ lẹ́yìn tó gbọ́ ní 1991 pé ìkéde lórí àrùn éèdì kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tí kò ní iná ní Áfíríkà. Ẹ yí i dáadáa lójú ọlọ́jà kí ẹ tó sanwó.

Ẹ má jẹ́ kó fi orin tàn yín jẹ. Orin máa ń bo àbùkù mọ́lẹ̀. Ẹ wá ibi tí ènìyàn ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà yé yín. Ẹ rọra yí i láti 88 dé 108. Bí ìkànnì méjì bá ń sọ̀rọ̀ lórí ara wọn, ẹ dá a padà.

Ẹ rí i pé ó ní AM. FM kì í rìn jìnnà, òkè lè dí i. AM máa ń rìn jìnnà lóru. Ẹ wo òpó TWR tó wà ní agbègbè Parakou wa níbí, lórí AM 1566. Láti 2008 ni wọ́n ti ń gbọ́ ọ ní Nàìjíríà. Irin gbọọrọ tí ẹ ń fà jáde kò wúlò fún AM. Rédíò fúnra rẹ̀ ni kí ẹ yí sọ́tùn-ún sósì títí ohùn á fi mọ́lẹ̀, kí ẹ sì gbé e jìnnà sí ẹ̀rọ tó ń gba iná sí fóònù.

Ọ̀rọ̀ ìlera díẹ̀. Ẹ má da pílì tuntun pọ̀ mọ́ àtijọ́, ẹ má sì ju òkú pílì sínú iná. Bí ọmọ bá gbé pílì pẹlẹbẹ bíi bọ́tìnì mì, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Láàrin wákàtí méjì, ó ti lè jó ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀.

Bí ẹ bá rà á tán, ẹ yan ẹni tí yóò máa tọ́jú rẹ̀, tí yóò máa gbọ́ ìròyìn àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́. Bó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ààbò, kó lọ sọ́dọ̀ olórí abúlé kó tó sọ ọ́ láàrin ọjà. Bí ẹ̀yin fúnra yín bá rí nǹkan, ẹ pe ọlọ́pàá. Bí iná bá ń jó, panápaná ni 118.

Ẹ jókòó lé e lọ́sẹ̀ yìí, àgbà àti ọ̀dọ́. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ fẹ́ ẹ̀rọ yẹn, ẹ̀yin ni kí ẹ lọ bá wa yẹ rédíò náà wò lọ́jà, nítorí etí yín ṣì mú ju tàwọn àgbà lọ. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ èyí tí ẹ rà. Ó dàbọ̀ o.