Ọ̀nà Méjì, Ọjà Kan

Lẹ́tà kan wọlé láti Ìfọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá:

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Yunifásítì Èkó ní Akọka gbà mí láti kọ́ ìmọ̀ òfin, Babcock náà sì gbà mí. Bàbá mi fẹ́ ta ilẹ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní kí n lè lọ sí Babcock, torí wọn kò fẹ́ kí ìyanṣẹ́lódì dá mi dúró. Àbúrò mẹ́ta ló wà lẹ́yìn mi. Kí ni kí n ṣe?”

Àbúrò mi, mo kí ọ kú oríire. Nígbà tí Christopher Sapara Williams, agbẹjọ́rò àkọ́kọ́ nílẹ̀ wa, fẹ́ kọ́ṣẹ́ òfin, Lọ́ńdọ̀nù ló lọ. Ọdún 1879 ni wọ́n gbà á síṣẹ́ náà níbẹ̀. Ó di ọdún 1962 kí Yunifásítì Èkó tó bẹ̀rẹ̀. Lónìí, ọmọ Ìfọ̀ ní ilé-ìwé méjì tí yóò yàn nínú wọn. Ṣùgbọ́n JAMB kò gbà kí ènìyàn di méjèèjì mú. Ọ̀kan ṣoṣo ni wàá tẹ́wọ́ gbà lórí CAPS.

Ọjà kan náà ni ọ̀nà méjèèjì já sí. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, yálà ilé-ìwé ìjọba ni tàbí ti aládàáni, Law School ni gbogbo yín yóò ti pàdé, ìdánwò kan náà ni ẹ óò sì ṣe. Adájọ́ kò ní bi ọ́ léèrè ilé-ìwé rẹ kó tó gbọ́ ẹjọ́ rẹ.

Ohun tó yẹ kí o wádìí ni èyí: Council of Legal Education máa ń fún ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan ní iye akẹ́kọ̀ọ́ tó lè fi ránṣẹ́ sí Law School lọ́dún. Bí ilé-ìwé kan bá gba akẹ́kọ̀ọ́ kọjá iye yìí, àwọn tó gboyè tán lè máa retí nílé. Wá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ibi méjèèjì, kí o bi wọ́n léèrè iye oṣù tí wọ́n fi dúró. Ìdáhùn wọn wúlò ju ẹwà ọgbà ilé-ìwé lọ.

Ìbẹ̀rù bàbá rẹ kì í ṣe asán. Ní 2022, oṣù mẹ́jọ ni ASUU fi yanṣẹ́ lódì. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Owó ilẹ̀ náà lè san ọdún kìíní àti èkejì. Ta ni yóò san ẹ̀kẹta? Lẹ́yìn náà ni owó Law School, tí wọ́n sì lè gbé ọ lọ sí Bwari, Kano tàbí Yola. Ẹni tí ìyanṣẹ́lódì dá dúró yóò padà sí kíláàsì. Ilẹ̀ tí a tà kì í padà.

Bí èmi bá ni, Akọka ni mo máa mú, àfi bí bàbá rẹ bá lè fi owó tó ń wọlé fún wọn san ọdún márùn-ún láìta ilẹ̀. Bí ìyanṣẹ́lódì bá dé, wá agbẹjọ́rò kan ní Ìfọ̀ tàbí Sango-Ọ̀tà, kí o máa bá wọn to fáìlì, kí o sì máa tẹ̀lé wọn lọ sí kóòtù.

Ṣùgbọ́n má tẹ ohunkóhun lórí CAPS kí o tó bá bàbá rẹ sọ̀rọ̀. Kúnlẹ̀, dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn nítorí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, kí o wá gbé ìṣirò owó ọdún mẹ́fà síwájú wọn. Rán wọn létí pé àwọn àbúrò rẹ mẹ́ta náà yóò nílò nǹkan lọ́la. Bàbá tó ṣe tán láti ta ilẹ̀ nítorí ọmọ rẹ̀ yóò fetí sí ọ̀rọ̀ ọmọ náà.

Lọ́jọ́ tí o bá di agbẹjọ́rò, jọ̀wọ́ tún kọ lẹ́tà sí mi. Mo fẹ́ gbọ́ pé ilẹ̀ náà ṣì wà níbẹ̀.