ÌWÉ Ẹ̀RÍ WO NI ỌMỌ WA GBÀ?

Ó ti di àṣà láàárín àwa ọmọ Yorùbá tí ń bẹ ní ìlú Jos pé, bí oṣù keje bá ti ń lọ sópin, àwọn òbí a dá aṣọ, wọn a yá àga, wọn a pe ẹbí wá láti Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀ffà, nítorí pé ọmọ wọn ń jáde ní ilé-ìwé gírámà onígbàgbọ́ kan tí à ń san owó ńlá sí. Ọmọ a wọ gáùn, a dé fìlà onígun mẹ́rin, àlùfáà a gbàdúrà, ọ̀gá ilé-ìwé a sì gbé ìwé aláràbarà lé e lọ́wọ́. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àríyá. Ṣùgbọ́n ìwé tí ọmọ gbà lọ́jọ́ náà kì í ṣe èyí tí Yunifásítì yóò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tí wọn yóò béèrè, èsì rẹ̀ kì í sábà jáde títí di oṣù kẹjọ, nígbà tí a ti jẹ ìrẹsì tán.

Àṣẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà níbẹ̀. Ilé-ìwé ní òfin tirẹ̀ tí ọmọ fi ń jáde: kí ó máa wá sí kíláàsì déédéé, kí ìwà rẹ̀ dára, kí ó yege nínú ìdánwò sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí gbèsè má sí lọ́rùn rẹ̀. Àwọn mìíràn a fi kún un pé dandan ni kí ó yege nínú Ìmọ̀ Bíbélì, ìbáà ṣe pé kì yóò ṣe é ní WAEC. Òfin rere ni. Nítorí rẹ̀ gan-an ni púpọ̀ nínú wa ṣe ń mú ọmọ lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n àṣẹ kejì kò sí lọ́wọ́ ọ̀gá ilé-ìwé. Ọwọ́ àjọ WAEC, tí a dá sílẹ̀ ní 1952, ni ó wà, tàbí ọwọ́ NECO. Ẹ̀kọ́ 8 tàbí 9 ni ọmọ ń ṣe lọ́dọ̀ wọn. Láti A1 títí dé C6 ni à ń pè ní kírẹ́dítì. D7 àti E8, ó kàn yege ni. F9, ó fìdí rẹmi. Kírẹ́dítì 5 ni Yunifásítì ń béèrè, Gẹ̀ẹ́sì sì gbọ́dọ̀ wà nínú rẹ̀, kí a tó sọ ti máàkì JAMB.

Nípa Ìṣirò, a gbọ́ pé àwọn ọmọ kan ń yọ̀. Ní oṣù kẹwàá 2025, ìjọba àpapọ̀ kéde pé ẹni tí ń lọ kọ́ ẹ̀kọ́ bí èdè àti ìtàn lè wọlé láìní kírẹ́dítì Ìṣirò. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n tún fi là á yé gbogbo ènìyàn pé kò sí ọmọ tí kò ní í forúkọ sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò nínú ìdánwò náà. Ọmọ tí ó bá sì fẹ́ ṣe dókítà tàbí ẹnjiníà, kí ó má tilẹ̀ dá sí ọ̀rọ̀ yẹn.

Báwo wá ni ọmọ tí ń gba ipò kìíní láti ọdún mẹ́fà ṣe ń rí D7 nínú Gẹ̀ẹ́sì? Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba ọ̀pọ̀ ilé-ìwé lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Èyí tí ìjọ tún kọ́ lẹ́yìn náà, owó òbí ni wọ́n fi ń san owó oṣù tíṣà, owó òbí ni wọ́n fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀. Bí irú ilé-ìwé bẹ́ẹ̀ bá ní kí ọmọ tún kíláàsì kà, òbí rẹ̀ lè bínú mú un lọ sí òdìkejì títì. Ẹni tí ń ta gàrí náà ló ń di kóńgò mú. A kò sọ pé gbogbo wọn ló ń tẹ ìdí kóńgò wọnú. A mọ àwọn tí òṣùwọ̀n wọn pé. Ṣùgbọ́n kí òbí má ṣe wo bọ́ọ̀sì àti géètì tí ń dán. Kí ó béèrè pé: láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ọmọ mélòó ló jókòó fún WAEC níbí, mélòó ló sì rí kírẹ́dítì 5 pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ní ìjókòó kan? Ọ̀gá tí ó bá ní nǹkan fi hàn kò ní í bínú.

WAEC náà kò ṣàì ní àbùkù. Ní oṣù kẹjọ 2025, wọ́n kọ́kọ́ ní ìdá 38.32 péré nínú ọgọ́rùn-ún ló rí kírẹ́dítì 5 pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ wọ́n rí àṣìṣe, ó sì di 62.96. Òbí tí ó ti na ọmọ rẹ̀ kí wọ́n tó tún un ṣe, kí ló wá sọ fún un? Síbẹ̀, nínú èyí tí a tún ṣe yìí pàápàá, àwọn tí kò rí i ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ.

Àwọn díẹ̀ nínú wa ní ọmọ ní ilé-ìwé tí ń tẹ̀lé ètò Amẹ́ríkà. Kírẹ́dítì tiwọn kì í ṣe ti WAEC: ẹ̀kọ́ tí ọmọ kọ́ fún ọdún kan gbáko ni wọ́n sábà ń kà sí ọ̀kan. Bí ọmọ bẹ́ẹ̀ yóò bá lọ sí Yunifásítì Nàìjíríà, kí òbí tètè lọ béèrè ohun tí wọn yóò gbà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ó tó di pé ó jáde.

Èyí tí ó burú jù ni ti àwọn tí ń mú ọmọ kúrò níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ, tí wọ́n ń lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní mírákù sẹ́ńtà. Owó ni wọ́n ń san kí ẹlòmíràn lè bá ọmọ wọn dáhùn ìbéèrè. Ọmọ tí ó ti há Òfin Mẹ́wàá sórí láti kékeré, bàbá rẹ̀ fúnra rẹ̀ ló mú un lọ síbẹ̀! Èsì àwọn ọmọ 192,089 ni WAEC dá dúró ní 2025 nítorí ẹ̀sùn ẹ̀rú. Kí a má sọ ọ́ bí ẹni pé ọmọ aládùúgbò nìkan ló wà níbẹ̀.

Ó wá ku ti èdè, èyí tí ó kan ẹgbẹ́ wa jù lọ. WAEC ń ṣe ìdánwò Yorùbá bí ó ti ń ṣe ti Hausa àti Ìgbò. Síbẹ̀, níbi tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa wà, Hausa àti Faransé nìkan ni wọ́n ń kọ́. A kò kórìíra Hausa. Òun ni a fi ń tajà, òun ni a fi ń kí àwọn tí a jọ ń gbé. Nígbà tí àwọn aṣojú ẹ̀ka wa lọ bá ọ̀gá ilé-ìwé kan ní sáà tó kọjá, ó ní tíṣà Yorùbá kò sí, àwọn ọmọ tí ó fẹ́ ẹ kò sì pọ̀. Ti àkọ́kọ́ kò ṣòro: ẹni tí ó gboyè nínú Yorùbá wà láàárín wa, tí ó ń ta aṣọ lọ́jà. Ti èkejì, àwa òbí la fi ọwọ́ ara wa fà á. Ìwé tí ilé-ìwé fi béèrè èdè tí a fẹ́ wá sílé wa, a fàmì sí Faransé. Ọmọ sì wà lórí tẹlifóònù tí ń kí bàbá àgbà rẹ̀ ní Ọ̀ffà, tí ìyá rẹ̀ dúró ti í bí ògbifọ̀.

Ọmọ kò lè bẹ̀rẹ̀ Yorùbá ní SS3 kí ó ní kírẹ́dítì. Láti SS1 ni. Nítorí náà ni a ṣe ń bẹ gbogbo òbí tí ọmọ wọn ń wọ SS1 pé kí wọ́n fi orúkọ ọmọ àti ti ilé-ìwé rẹ̀ ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹ̀ka kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó pé. Bí a bá rí ọmọ 15 láti ilé-ìwé kan, a ó padà lọ bá ọ̀gá náà, ẹ̀ka yóò sì san ìdajì owó oṣù tíṣà fún ọdún àkọ́kọ́, gẹ́gẹ́ bí a ti fẹnu kò sí. Òbí tí kò bá ráyè kọ ìwé lè rán ọmọ náà wá kí ó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, ní Yorùbá.