Àbàwọ́n Ara Aṣọ

Nísinsìnyí, bí epo pupa bá kán sí agbádá funfun, bílíìṣì ni àwọn ènìyàn wa ń ké sí. Bí ìpáàrà ìṣó bá mú un, bílíìṣì náà ni, bẹ́ẹ̀ ni ó tún ń mú ìpáàrà le sí i ni.

Àwọn ìyá wa mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọṣẹ ni wọ́n fi ń fọ epo, wọn a sì sá aṣọ náà ní tútù, nítorí oòrùn ni ó ń pa àwọ̀ epo. Omi tútù ni ti ẹ̀jẹ̀. Ti ìpáàrà, ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, ẹ bu iyọ̀ lé e, ẹ sá a fún wákàtí kan, kí ẹ tó fi omi ṣàn án. Bí aṣọ bá jẹ́ aláró, ẹ kọ́kọ́ dán an wò ní ìṣẹ́tí.

Ṣùgbọ́n àwọn kan a máa po ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí ọtí kíkan mọ́ bílíìṣì, kí agbára rẹ̀ lè di méjì. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é! Èéfín olóró tí ń ti inú rẹ̀ jáde ni irú èyí tí àwọn ọmọ ogun Jámánì tú sí ọ̀tá wọn ní Ypres ní ọdún 1915. Nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé, ó lè pa ènìyàn. Ẹni tí ó bá ti pò ó, kí ó tètè jáde síta.

Ẹ̀yin oníṣòwò tí ń rọ bílíìṣì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tà, a bẹ̀ yín, ẹ wá ohun mìíràn rọ ọ́ sí, nítorí àwọn ọmọdé.