Kí A Ki Ọwọ́ Bọ Inú Òkìtì Kí A Tó Sanwó: Lórí Yíyan Ẹ̀kọ́ Ìmúrasílẹ̀ fún Ìdánwò GMAT



Lẹ́yìn Àsáláátù ọjọ́ Àìkú kan, arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa ní òun fẹ́ bá mi sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn kan nílùú yìí, ó sì fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ gboyè MBA kí ó lè bọ́ sípò àbójútó. Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. Ìpolówó ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ fún ìdánwò GMAT ló wà níbẹ̀: kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, owó rẹ̀ lé ní £1,000, wọ́n sì ṣe ìlérí pé máàkì ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ yóò gòkè dandan.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wò ó kíákíá. Òní ni ẹ̀dínwó yẹn máa tán. Káàdì báǹkì ni mo fẹ́ fi san án, màá máa san èlé rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.”

Mo bi í pé, “Máàkì mélòó lo ń gbà báyìí?”

Ó wo ilẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, n kò tíì dán an wò rí.”

Kì í ṣe arábìnrin yìí nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì yìí, àwọn oníṣirò owó, àwọn ẹnjinníà, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, ló ń wá ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ òwò. Èyí dára, ìmọ̀ ni Ànábì wa fi gbé wa ga. Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ra ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ ń kọ mí lóminú, nítorí pé a ń rà á bí ẹni tó ń ra oògùn láìjẹ́ kí dókítà yẹ ara rẹ̀ wò.

Gbogbo wa la mọ ìtàn ọlọ́jà tó ń ta ọkà. Ànábì Muhammad, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, kọjá lẹ́bàá òkìtì ọkà kan. Lójú, ọkà náà gbẹ, ó sì dára. Ó ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ìka rẹ̀ sì kan ọ̀rinrin. Ọlọ́jà ní òjò ló pa á. Ànábì bi í léèrè ìdí tí kò fi kó èyí tó tutù sókè kí àwọn oníbàárà lè rí i, ó sì ya ìjọ rẹ̀ nípá kúrò lára ẹlẹ́tàn. A sábà máa ń fi ìtàn yìí kìlọ̀ fún ọlọ́jà. Èmi rí ẹ̀kọ́ fún ẹni tó ń rajà nínú rẹ̀ pẹ̀lú: ọwọ́ tí a kì bọ inú òkìtì ló tú àṣírí ọkà. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò jù báyìí lọ: kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe sanwó ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ kí ó tó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì méjì, òkìtì tirẹ̀ àti òkìtì ọlọ́jà.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ irú ìdánwò tí à ń sọ. Láti ọdún 1954 ni GMAT ti wà, àjọ tí a ń pè ní Graduate Management Admission Council, GMAC, ló sì ni ín. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2023 ni wọ́n gbé ẹ̀dà tuntun jáde. Nígbà tí oṣù kìíní ọdún 2024 parí, ẹ̀dà àtijọ́ kógbá sílé. Ìpín mẹ́ta ni ti ìsinsìnyí ní: ìṣirò, ìbéèrè 21, òye èdè, ìbéèrè 23, ìtúmọ̀ dátà, ìbéèrè 20. Ìṣẹ́jú 45 ni fún ìpín kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ jẹ́ wákàtí méjì àti ìṣẹ́jú 15. Inú ìpín dátà nìkan ni wọ́n ti gba ẹ̀rọ ìṣirò láyè. Kọ̀ǹpútà ń wo ìdáhùn rẹ bí o ti ń lọ: bí o bá ń gbà á, ìbéèrè á máa le sí i; bí o bá ń ṣì í, á máa rọ̀. Máàkì bẹ̀rẹ̀ láti 205 títí dé 805.

Kí a tó dórí ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ rárá, ìbéèrè kan wà tó ṣáájú: ṣé ilé-ẹ̀kọ́ tí o fẹ́ lọ tilẹ̀ béèrè GMAT? Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òwò ló ń gba GRE dípò rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí wọn kì í béèrè ìdánwò kankan lọ́wọ́ ẹni tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni tí kò bá béèrè lè fi oṣù mẹ́rin kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò ní bi í. Al-Kùránì ti pa á láṣẹ nínú Súrà An-Nahl pé kí ẹni tí kò mọ̀ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀. Lẹ́tà kan sí ọ́fíìsì ìgbaniwọlé kò náni ní kọ́bọ̀.

Bí a bá wá rí i pé GMAT ni, ó kan òkìtì tiwa. GMAC fúnra rẹ̀ fi ìdánwò àpẹẹrẹ méjì sórí mba.com lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n sì rí bí ìdánwò gidi ṣe rí. Jókòó ti ọ̀kan ní ọjọ́ tí o kò ṣiṣẹ́, ti ilẹ̀kùn, pa fóònù, má dá aago dúró. Máàkì tó bá jáde kì í ṣe ìtìjú, òṣùwọ̀n ni. Òun ni yóò sọ fún ọ bóyá ìṣirò ló ti gbàgbé lọ́kàn rẹ láti ìgbà tí o ti kúrò nílé-ìwé, tàbí èdè ló ń dà ọ́ láàmú, tàbí o mọ gbogbo rẹ̀ ṣùgbọ́n aago ń lé ọ. Aago kì í ṣe ohun kékeré, nítorí pé ìbéèrè tí a kò dáhùn máa ń dín máàkì kù. Àwọn àgbà ní ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Ẹni tí ìṣirò nìkan kù fún kò nílò láti ra kíláàsì ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá tí ìdajì rẹ̀ dá lé orí ohun tó ti mọ̀. Olùkọ́ kan fún wákàtí mélòó kan lè tó o. Ẹni tí aago ń yọ lẹ́nu nílò ìdánrawò púpọ̀ ju àlàyé lọ. Ẹni tí máàkì rẹ̀ sì ti sún mọ́ èyí tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń fẹ́ lè má nílò ju ìwé ìbéèrè tí GMAC fọwọ́ sí lọ.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni kí a tó ki ọwọ́ bọ inú òkìtì ọlọ́jà. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ṣé ìdánwò òní ni wọ́n ń kọ́ni? Bí ẹ̀kọ́ kan bá ṣì ń kọ́ni ní àròkọ, tàbí títún gírámà gbólóhùn ṣe, tàbí jọ́mẹ́tìrì fún ìpín ìṣirò, ọkà àná ni wọ́n ń tà, nítorí pé gbogbo ìyẹn ti kúrò. Bí wọ́n bá sì ń fi 700 àtijọ́ dẹ́rù bani, ẹ rántí pé òṣùwọ̀n ti yí padà: 645 òní fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ipò kan náà pẹ̀lú 700 ìgbà yẹn láàrin àwọn tó ń ṣèdánwò. Mo mọ ẹni tó rò pé òun ti kùnà nígbà tí ó yẹ kí ó máa dúpẹ́.

Èkejì ni ìlérí. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà wẹ́wẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìlérí pé máàkì yóò gòkè kò túmọ̀ sí pé wọn yóò dá owó padà. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọn yóò jẹ́ kí o tún kíláàsì náà ṣe. Kódà, o gbọ́dọ̀ ti wá sí gbogbo kíláàsì, kí o ti ṣe gbogbo iṣẹ́ àṣetiléwá, kí o sì ti ṣèdánwò láàrin iye ọjọ́ tí wọ́n dá. Báwo ni nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ alẹ́ yóò ṣe wá sí gbogbo kíláàsì? Ìlérí náà ti já kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, ẹ̀kọ́ tí a gbà sílẹ̀ sórí fídíò, tí ó lè wò nígbà tí ó bá jí, sàn ju kíláàsì tí olùkọ́ rẹ̀ gbajúmọ̀ lọ.

Ẹ̀kẹta ni olùkọ́. Ẹ ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ jókòó sí kíláàsì kan kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó gba máàkì gíga kì í ṣe dandan kí ó mọ bí a ṣe ń kọ́ni. Ẹ gbé ìbéèrè tí ẹ ṣì nínú ìdánwò àpẹẹrẹ yín fún un, kí ẹ sì wò bóyá ó rí ibi tí èrò yín ti yà kúrò lójú ọ̀nà, tàbí ìdáhùn nìkan ló kà fún yín.

Ẹ̀kẹrin, tó ba ìyókù jẹ́ bí a bá fi tàfàlà, ni ìbéèrè jíjí. Ọ̀pọ̀ wa ló mọ ohun tí wọ́n ń pè ní “ẹ́ńsípò” nílé, a sì mọ àwọn ilé ìdánwò tí wọ́n ti ń ta ìyanu fún àwọn ọmọ. Irú ọjà bẹ́ẹ̀ wà níbí náà, aṣọ rẹ̀ ló yàtọ̀. Ní ọdún 2008, ilé-ẹjọ́ kan ní Amẹ́ríkà dá GMAC láre lórí ìkànnì Scoretop tó ń pín ìbéèrè gidi, owó ìtanràn rẹ̀ ju mílíọ̀nù méjì dọ́là lọ, GMAC sì fagi lé máàkì àwọn kan tó lò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìbéèrè tó jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá wà lọ́wọ́ òun, ẹ dìde kúrò níwájú rẹ̀. Oyè tí a fi ìtànjẹ gbà jẹ́ ọkà tútù lábẹ́ òkìtì, àwa fúnra wa ni a ó sì jẹ́ ọlọ́jà náà.

Mo gbọ́ ohun tí àwọn kan nínú wa ń sọ pé ìfowóṣòfò ni gbogbo ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀, pé ìwé àti ìfaradà tó. Òtítọ́ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò gbà á délẹ̀. Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta tí kò ní yàrá tó dákẹ́, tí ó ti kúrò nídìí ìṣirò fún ọdún 15, ìwé nìkan lè di ẹrù lórí tábìlì rẹ̀. Fún un, kíláàsì tó ní àkókò, olùkọ́ tó ń retí rẹ̀ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ tó ń bá a rìn jẹ́ ohun tó tọ́ kí a sanwó fún. Ẹ̀kọ́ dà bí ọ̀pá tí arìnrìn-àjò fi ń rìn: ó wúlò, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ ẹni ló ń débi à ń lọ. Ohun tí mo lòdì sí ni kí a ra ọ̀pá nígbà tí a kò mọ bí ọ̀nà ṣe jìn tó.

Mo sì lòdì sí èlé. Gbogbo wa la mọ ìdájọ́ Ọlọ́hun lórí rẹ̀. Kò yẹ kí a fi í bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò ìmọ̀. Owó ìdánwò nìkan ju $250 lọ ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá sì ní láti tún un ṣe yóò tún un san. Ṣùgbọ́n máàkì GMAT ń wúlò fún ọdún márùn-ún, èèyàn sì lè ṣe é tó ìgbà márùn-ún láàrin oṣù 12, bí ọjọ́ 16 bá ti wà láàrin. Kò sí ohun tó ń léni tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ̀dínwó ọjọ́ kan yóò fi sún wa dédìí èlé.

Níbi yìí ni mo ti fẹ́ bá ẹgbẹ́ wa sọ̀rọ̀. Àwọn bàbá àti ìyá wa ti ń dá èsúsú kí báǹkì tó mọ orúkọ wa, kò sì sí èlé nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á dá èsúsú ìdánwò sílẹ̀ fún àwọn tó ń múra, kí ẹni tí ìdánwò rẹ̀ bá sún mọ́ jù kọ́kọ́ kó o. Ẹ jẹ́ kí á fi wákàtí kan kún Àsáláátù ní ọjọ́ Àìkú méjì lóṣù, kí àwọn tó ti yege jókòó ti àwọn tó ń bọ̀, kí wọ́n máa jọ tú ìbéèrè. Bí ẹni mẹ́fà bá sì nílò olùkọ́ ìṣirò kan náà, kí wọ́n jọ pín owó rẹ̀. Ọwọ́ kan kò gbẹ́rù dórí.

Ní ti arábìnrin wa, ó jẹ́ kí ẹ̀dínwó ọjọ́ náà kọjá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ẹ̀dínwó náà tún padà dé, ó sì tún fẹ́ẹ́ tán lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀, ó ṣe ìdánwò àpẹẹrẹ. Òye èdè rẹ̀ dára ju bí ó ti rò lọ. Ìpín ìdá, ìpín ọgọ́rùn-ún àti ọ̀rọ̀ ìṣirò ló ń fà á sẹ́yìn. Ó kìrun ìstíkhárà, ó gbàmọ̀ràn, ó sì mú ẹ̀kọ́ fídíò kékeré kan pẹ̀lú olùkọ́ kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ ló fi san án. Ó ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, a kò sì tíì mọ ibi tí máàkì yóò dé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í níjọ́sí pé máàkì mélòó ló ń gbà, kò wo ilẹ̀ mọ́.

Kí Ọlọ́hun Ọba Al-Alīm fún wa ní ìmọ̀ tó ń ṣeni láǹfààní, kí Ó fi halálì rọ̀ wá lọ́rọ̀, kí Ó má sì jẹ́ kí á tan ẹlòmíràn jẹ tàbí kí á tan ara wa. Āmīn.