ṢÍLÈ ÌYÁ ÀGBÀ: FÀDÁKÀ NI ÀBÍ IDẸ?

Àwọn tó ń kiri ra owó àtijọ́ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Wọn á jókòó sẹ́nu ìsọ̀, wọn á da agolo ìyá àgbà sílẹ̀, wọn á fi ìka tú u wò, wọn á rọra ṣa bíi márùn-ún sọ́tọ̀, wọn á sì dá iye kan lé gbogbo ẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tó ni agolo á rò pé òun ti jèrè, torí owó tí kò ṣeé ná mọ́ lòun tà. Ó ṣe tán, àwọn márùn-ún yẹn ni wọ́n bá wá. Wọ́n kàn kó ìyókù mọ́ ọn ni.

Òdìkejì ẹ̀ náà wà o. Ẹlòmíì á gbé ṣílè ọlọ́pẹ tọ alágbẹ̀dẹ lọ, á búra pé fàdákà ni. Alágbẹ̀dẹ tí kò mọ̀ á san owó fàdákà lórí idẹ, ó di ìgbà tó bá dé inú iná kó tó mọ ohun tó rà.

Ohun tó ya àwọn owó yìí sọ́tọ̀ kò ju ọdún tó wà lára wọn lọ. Ẹ wá awò kẹ́ ẹ fi wò ó bí ojú ò bá ríran dáadáa mọ́.

Kó tó di 1913, owó Ìlú Ọba gan-an ni wọ́n ń ná l'Ékòó àti káàkiri ilẹ̀ Yorùbá. Bank of British West Africa tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1894, tó wá di First Bank, ló ń kó fàdákà náà wọlé. Ní 1912 ni ìjọba òyìnbó dá West African Currency Board sílẹ̀, nígbà tó sì di 1913, owó tí wọ́n kọ BRITISH WEST AFRICA sí lára jáde. Ọ̀pẹ ló wà lẹ́yìn ṣílè kan àti ṣílè méjì, ewé ló yí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn sísì àti tọ́rọ́ ká. Fàdákà gidi ni gbogbo wọn. Nínú ìdá 1,000, ìdá 925 jẹ́ fàdákà, bàbà ni ìyókù.

Ogun kìíní ló ba nǹkan jẹ́. Owó fàdákà ń lọ sókè lọ́jà London títí ó fi kọjá kọ́bọ̀ 89 lórí ọ́ńsì kan ní oṣù kejì ọdún 1920. Tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, fàdákà inú ṣílè kan ti ju ṣílè kan lọ. Ta ló máa gbé irú ẹ̀ lọ sọ́jà lọ ra iyọ̀, nígbà tó lè yọ́ ọ, kó sì jèrè? Ni Board bá yí i padà ní 1920 yẹn, wọ́n po bàbà mọ́ tánńganran àti síńkì, ó di idẹ. Wọn ò yí ojú ẹ̀ padà. Ọba onírùngbọ̀n yẹn náà ni, ọ̀pẹ yẹn náà ni. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rí àwọn èèyàn mú.

Nítorí náà, lára owó BRITISH WEST AFRICA, èyí tó bá jẹ́ 1913 sí 1919 lára ṣílè méjì, ṣílè, sísì àti tọ́rọ́, fàdákà ni. 1920 gan-an nìkan ló lójú méjì: ti fàdákà wà, ti idẹ wà, ẹ ní láti yẹ̀ ẹ́ wò. Láti 1921 lọ, kò sí fàdákà kankan níbẹ̀ mọ́, ẹni yòówù kó búra.

Ti Ìlú Ọba yàtọ̀ díẹ̀, irú èyí tó lórí Fitóríà tàbí èyí tí ará ilé kó bọ̀ láti London. Títí dé 1919, ìdá 925 náà ni. Láti 1920 títí dé 1946, ìdajì péré ni fàdákà inú ẹ̀. Láti 1947, ó tán.

Àwọ̀ funfun ló ń tan èèyàn jù. Tọ́rọ́ British West Africa láti 1938 funfun bí eyín, bàbà àti níkẹ́lì ni. Sísì Nàìjíríà ti 1959 tó ní kòkó lẹ́yìn, àti ṣílè àti ṣílè méjì ọdún náà, bàbà àti níkẹ́lì ni. Kọ́bọ̀ márùn-ún, mẹ́wàá àti mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ti 1973, bákan náà. Ọnínì àti kọ́bọ̀ onírawọ̀ tó ní ihò láàrin gbùngbùn kò ní fàdákà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ má ju owó tó ní ihò létí nù o! Ìyá kan ló lu ìyẹn láti fi kọ́ ọrùn ọmọ, ó lè jẹ́ fàdákà pọ́nńbélé.

Fún ti 1920, ẹ wo etí ẹ̀ àti imú ọba, ibi tí ọwọ́ ti máa ń há a jù. Idẹ á yọ pupa ràkọ̀ràkọ̀ níbẹ̀, kódà bí wọ́n bá fi fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á lára. Fàdákà máa ń dúdú tó bá pẹ́ nílẹ̀, idẹ ló ń hu ìpẹtà aláwọ̀ ewé. Àwọn kan á mú òòfà wá, wọ́n á ní kò fà á, nítorí náà fàdákà ni. Irọ́ ni. Òòfà kì í fa idẹ náà. Irin nìkan ló lè tú fó.

Ìwọ̀n lásán kò ràn yín lọ́wọ́, torí ti idẹ àti ti fàdákà fẹ́ẹ̀ dọ́gba. Omi ló mọ̀ ọ́n. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó ní òṣùwọ̀n kékeré tí wọ́n fi ń wọn góòlù lè gbé ife omi lé e, kó dá a padà sí òdo, kó wá fi òwú so oníṣílè méjì kan rọ̀ sínú omi, kó má kan ìdí ife. Fàdákà ki ju idẹ lọ, kì í gbàyè púpọ̀. Òṣùwọ̀n á ka nǹkan bíi gírámù 1.1 tó bá jẹ́ fàdákà, bíi 1.3 tó bá jẹ́ idẹ. Ásíìdì náà máa ń sọ òótọ́, ṣùgbọ́n ó ń fi àpá sílẹ̀ lára owó, ó sì ń jẹ ẹran ara èèyàn. Ẹ fìyẹn sílẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ wúrà.

Ó kù ti ìdúnàádúrà. Lára èyí tó jẹ́ ìdá 925, owó tó bá ti pé ṣílè mẹ́fà ní fàdákà ọ́ńsì kan nínú, ìyẹn gírámù 31 ó lé díẹ̀. Ìbáà jẹ́ ṣílè mẹ́fà, ìbáà jẹ́ oníṣílè méjì mẹ́ta, sísì méjìlá, tàbí tọ́rọ́ mẹ́rìnlélógún, ọ̀kan náà ni, àfi tí ara wọn bá ti jẹ jù. Ẹ béèrè iye tí gírámù fàdákà ń lọ lọ́sẹ̀ yẹn, kẹ́ ẹ ṣírò ẹ̀ kí oníbàárà tó jókòó. Kò ní san tán, torí òun náà fẹ́ jèrè, ṣùgbọ́n kò ní lè fi owó idẹ gbà á mọ́. Kẹ́ ẹ sì ya tiyín sọ́tọ̀ kó tó dé, kó má bàa jẹ́ òun ló máa ṣà á.

Ẹ má fi eérú àti ọsàn wẹ́wẹ́ bó o kó lè dán. Àwọn tó ń kó owó àtijọ́ jọ ń fẹ́ dúdú ara ẹ̀ yẹn. Èyí tó bá ti ń kọ mọ̀nà bíi ṣíbí tuntun, iye fàdákà inú ẹ̀ nìkan ni wọ́n máa dá lé e.